Ìwúlò Òǹtẹ̀ Àkókò Nínú Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ìdí àbùkù kan nínú ẹ̀rọ kò lè fi àbọ̀ ìròyìn ṣe odindi. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò kan wà tí í ṣe olórí fún àwọn ètò yòókù; òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn, òun náà ni ó sì ń kọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan lè sọ pé ẹnì kan wọlé, kí òmíràn sọ pé dísìkì kò dáhùn. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ àkókò lára wọn, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó ṣáájú.

Ọ̀nà méjì ni òǹtẹ̀ yìí ń gbà hàn. Bí Linux bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ìgbà tí ó ti jí ni ó ń kọ síwájú ìlà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbà bá sọ pé a bí ọmọ kan ní ọdún kejì tí ọba gorí ìtẹ́: kò sí déètì níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti tẹ̀lé ara wọn kò fara sin. Bí ìlà kan bá ní 3, tí èyí tí ó tẹ̀lé e sì ní 33, ó hàn pé 30 ìṣẹ́jú-àáyá ti ṣòfò láàárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni kí atúnṣe kọ́kọ́ wò.

Ọ̀nà kejì ni kí a kọ déètì àti wákàtí. Eric Allman ni ó dá syslog sílẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà, ní Berkeley, láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ìwé tí ó ṣe àpèjúwe àṣà náà ní 2001 fi hàn pé oṣù, ọjọ́ àti wákàtí wà nínú òǹtẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì tí ó sọ pé aago ìlú wo ni. Nítorí náà, ìlà ti èṣí àti ti ìdúnta lè jọ ara wọn. Ní Lọ́ńdọ́nù, nígbà tí wọ́n bá dá aago padà ní òpin oṣù kẹwàá, aago kan ààbọ̀ òru a máa wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà ti 2009 fi ọdún kún un, àti ìyàtọ̀ aago ìlú sí aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú.

Síbẹ̀, òǹtẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́ ju aago tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2003, iná mànàmáná kú mọ́ nǹkan bí 50,000,000 ènìyàn lórí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nígbà tí àwọn olùwádìí ń wá ohun tí ó kọ́kọ́ bàjẹ́, wọ́n rí i pé aago púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ kò bá ara wọn mu. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè tò wọ́n. Bí aago kan bá fi ìṣẹ́jú kan yá ju èkejì lọ, àbájáde a dà bí okùnfà, a sì lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ìdí nìyí tí ìlànà NTP, tí David Mills gbé jáde ní 1985, fi ṣe pàtàkì: òun ni kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àkókò lọ́wọ́ aago tí ó péye, kí ó lè tún tirẹ̀ ṣe.

Ó yẹ, nígbà náà, kí ẹni tí ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà rí i pé aago rẹ̀ péye, pé ọdún hàn, àti pé ìyàtọ̀ aago ìlú wà lára ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni a ń mọ iyì òǹtẹ̀ àkókò, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún aago ṣe.