Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀kọ́ Àyíká Tí Wọ́n Ní Ó Rọrùn

Ṣé o mọ̀ pé eruku ọyẹ́ tó ń mú ètè wa bẹ́, tó tún ń bo tábìlì kó o tó nù ún tán, ní ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò nílé rẹ? Àríwá orílẹ̀-èdè Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń gbéra, ní ilẹ̀ kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí omi gbẹ, ìsàlẹ̀ adágún ló ṣẹ́ kù, ìyẹ̀fun funfun tó jẹ́ ìkarahun àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Atẹ́gùn á gbé e, á gba orí wa kọjá, á sọdá òkun Àtìláńtíìkì, á sì balẹ̀ sínú igbó Amazon ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ NASA tó fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ọ láti 2007 sí 2013 ṣírò pé eruku Sàhárà tó ń já bọ́ sí agbègbè Amazon lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 27 tọ́ọ̀nù. Phosphorus, èròjà ajílẹ̀ tí igi kò lè ṣe aláìní, wà nínú rẹ̀ tó bíi tọ́ọ̀nù 22,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé iye tí òjò àti àgbàrá ń wọ́ kúrò nínú ilẹ̀ igbó náà lọ́dọọdún. Eruku tá à ń bú níhìn-ín, ajílẹ̀ ni lọ́hùn-ún.

Irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní iléèwé girama Amẹ́ríkà, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní AP Environmental Science. Àjọ College Board ló ṣètò rẹ̀, 1998 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá jọjú lè fi rọ́pò kọ́ọ̀sì kan ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fojú di ni. Físíìsì àti kẹ́mísírì ni òbí ń fi ọmọ yangàn lóde àríyá. Tó bá kan èyí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ewéko àti pàǹtírí ni, kí ọmọ tí kò lè ṣe èyí tó le máa bá a lọ síbẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ṣé o mọ̀ pé 5 ni máàkì tó ga jù nínú ìdánwò náà, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìdajì àwọn tó ń jókòó ṣe é ni kì í rí 3 gbà? Ìbéèrè 80 ni wọ́n á kọ́kọ́ dojú kọ láàárín 90 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ìdáhùn sí mẹ́ta gígùn láàárín 70 ìṣẹ́jú. Kí 2020 tó dé, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ẹ̀rọ ìṣirò wọlé. Orí ni kó o fi ṣe é. Ohun tó ń fa ìṣubú kò sì ṣòro láti rí. Ọmọ tó mọ bàọ́lọ́jì dáadáa á bá kẹ́mísírì pàdé nínú ìbéèrè kejì, á bá ọ̀rọ̀ owó àti òfin pàdé nínú ìkẹta, á wá rí i pé ohun tí wọ́n ń bi òun ni bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń ti èkejì.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ka ẹja inú odò? Tíṣà á da ẹ̀wà sínú abọ́, kò ní sọ iye rẹ̀. Ọmọ á bu díẹ̀, á fi bírò ṣàmì sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan; ká ní 40 ni. Á dà wọ́n padà, á ro abọ́ náà pọ̀ dáadáa, á tún bu òmíràn. Ká ní ó bu 50 lọ́tẹ̀ yìí, tí márùn-ún péré nínú rẹ̀ sì ní àmì. Márùn-ún nínú 50, ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. A jẹ́ pé 40 tó kọ́kọ́ ṣàmì sí náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ẹ̀wà inú abọ́: 400. Wọ́n á wá da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á kà á. Ẹni tí kò rò ó pọ̀ dáadáa, tí ẹ̀wà alámì ṣì kóra jọ sókè abọ́, ìdáhùn tirẹ̀ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ojú á sì tì í díẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa yé e ìdí tí àwọn tó ń ka ẹja fi máa ń dúró dìgbà tí ẹja alámì bá ti rìn káàkiri odò kí wọ́n tó ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Petersen, ará Denmark, ló fi irú ìlànà yìí ṣiṣẹ́ ẹja ní àwọn ọdún 1890. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lincoln lò ó fún pẹ́pẹ́yẹ igbó ní Amẹ́ríkà ní 1930.

Lọ́dọ̀ wa nílé, inú bàọ́lọ́jì àti jiọ́gíráfì ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí wà. Ọmọ SS tó bá ti ju quadrat rí, ìyẹn férémù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ka ewéko inú pápá, mọ̀ pé ṣe ló yẹ kó kọ ẹ̀yìn síbi tó ń jù ú sí. Àwọn tó ń ṣe màgòmágó máa ń yọjú wo ibi tí koríko ti pọ̀ kí wọ́n tó jù ú.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ìṣirò hàn bí agbára oúnjẹ ṣe ń dín kù láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dá kan dé ọ̀dọ̀ èkejì kò rí iṣẹ́ náà nínú ìwé? Raymond Lindeman ni orúkọ rẹ̀. Adágún kékeré kan ní Minnesota, Cedar Bog Lake, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàyẹ̀wò, láti orí ewé dé orí kòkòrò dé orí ẹja. Àwọn tó kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní kí ìwé ìròyìn onímọ̀ má gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà, àìsàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó kú ní oṣù kẹfà 1942, lẹ́ni ọdún 26, ìwé náà sì jáde ní oṣù kẹwàá. Lónìí, òfin tó wà nínú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ni pé nínú agbára 100 tí ẹ̀dá kan jẹ, nǹkan bí 10 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ òun náà. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò kan fi lè bọ́ ẹgbẹ̀rún eku, tí kò sì ní lè bọ́ àwòdì ogún.

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nídìí òjé inú bẹntiróòlù àti gáàsì fíríìjì tó ba ozone òkè ọ̀run jẹ́? Thomas Midgley, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà. Ní 1921, ó rí i pé bí wọ́n bá po èròjà òjé mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì mọ́tò kò ní máa kan gbàgàgbàgà mọ́. Ní 1924, lẹ́yìn tí èròjà náà ti pa òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní New Jersey, Midgley pe àwọn oníròyìn jọ, ó dà á sọ́wọ́ lójú wọn, ó sì fà á símú, kí wọ́n lè gbà pé kò sí ewu. Òjé ti dùbúlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ lára ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti gba ìsinmi lọ tọ́jú ara ní 1923. Kò pẹ́ sí i, ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó tún mú gáàsì CFC wá fún fíríìjì, gbogbo ayé sì yìn ín. Àrùn pólíò mú un ní 1940. Ó fi okùn ṣe ohun tí yóò máa gbé e dìde lórí ibùsùn, okùn yìí kan náà ló fún un lọ́rùn pa ní 1944.

Nǹkan tó fi sílẹ̀ lọ pẹ́ jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Molina àti Rowland, kìlọ̀ nípa CFC ní 1974. Àwọn onímọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí ihò nínú ozone lójú ọ̀run Antarctica, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1985. Ní 1987 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal, èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ti wá fara mọ́ báyìí. Epo olójé ní tirẹ̀, Algeria ló tà á kẹ́yìn fún mọ́tò, ní 2021. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin kan ti fi ìgò, tẹmọ́mítà àti oòrùn wádìí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń gbóná kí ẹnikẹ́ni tó ní mọ́tò? Eunice Foote ni, ní Amẹ́ríkà, 1856. Ó fi afẹ́fẹ́ lásán sínú ìgò kan, ó fi carbon dioxide sínú òmíràn, ó gbé méjèèjì sínú oòrùn. Èyí tó ní carbon dioxide gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kò sì tètè tutù nígbà tó gbé e kúrò. Ó kọ ọ́ pé ayé tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀run rẹ̀ á gbóná. Ọkùnrin kan ló bá a ka ìwé náà níwájú àwùjọ àwọn onímọ̀ ní Albany, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó tún hú u jáde ní nǹkan bí 2011 jẹ́ onímọ̀ epo rọ̀bì tó ti fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ ẹni tí ìyẹn ò ní pa lẹ́rìn-ín. Láti 1958 ni wọ́n ti ń wọn gáàsì yìí lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nínú mílíọ̀nù kan, ó jẹ́ bí 313. Ó kọjá 400 ní 2013, ó sì ti lé ní 420 báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn ara ríro lè mú kí àrùn dìgbòlugi gbilẹ̀? Diclofenac tí à ń rà ní kẹ́mísìtì nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn wá ni àwọn ará Íńdíà ń fún màlúù wọn láti àwọn ọdún 1990. Bí màlúù bá kú, igún á jẹ òkú rẹ̀, kíndìnrín igún á sì bàjẹ́. Nínú oríṣi igún kan tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó ju 95 lọ nínú 100 tó kú dànù. Òkú màlúù wá wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tán, ajá ìgboro jẹ, wọ́n bí, wọ́n rẹ̀, ajá tó ń bu ènìyàn jẹ sì pọ̀ sí i. 2004 ni wọ́n tó tú àṣírí ohun tó ń pa igún. 2006 ni Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Tiwa ńkọ́? Láti 2015 ni gúnnugún ilẹ̀ wa ti wà lára àwọn ẹyẹ tí ìparun dé bá gidigidi lágbàáyé. Kì í ṣe diclofenac ló fa tiwa ní pàtàkì. Májèlé ni, àti àwọn tó ń ta ẹyẹ náà lẹ́yọ lẹ́yọ fún oògùn ìbílẹ̀. Àwọn àgbà tó fi pípa igún ṣe èèwọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwa tó ń rà á lọ́jà la ò mọ̀ ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé Amazon náà ò ṣàìfi nǹkan ránṣẹ́ padà? Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń dí ọ̀sà Èkó, tí ọkọ̀ apẹja kì í fi í rí ọ̀nà gbà, Amazon ni orírun rẹ̀. Ọ̀sà orílẹ̀-èdè Benin ló gbà dé odò Badagry ní 1984. Bí oúnjẹ bá wà lómi, nínú bí ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì, ìdọ̀tí tí à ń dà sómi sì ni oúnjẹ ọ̀hún. Iyọ̀ ni kò lè fara dà: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọlé, á kú lọ, òjò á dé, á tún dé.

Ṣé o mọ̀ pé odò Cuyahoga ní Cleveland gbaná ní 1969, àti pé àwòrán tí ìwé ìròyìn Time fi gbé ìròyìn náà jáde, ti iná 1952 ni? Iná 1969 kò pẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni máa rí i yà kó tó kú. Bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ti Amẹ́ríkà débi òfin omi mímọ́ ti 1972.

Àwa náà ní tiwa. Ní 1988, pàǹtírí olóró láti Ítálì wà nínú àgbàlá ọkùnrin kan ní Kókó, ní Bendel ìgbà náà, ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù ni wọ́n ń san fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló tú àṣírí náà. Ọdún náà ni òfin pàǹtírí olóró jáde nílẹ̀ wa. Ní 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Basel lórí kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Àwọn ìbéèrè oníkíkọ ti ọdún tó ti kọjá wà lórí ìkànnì College Board lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àlàyé bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní máàkì. Bí ọmọ rẹ bá ní òun fẹ́ mú ẹ̀kọ́ yìí torí pé ó rọrùn, ẹ jọ jókòó ti ọ̀kan nínú wọn, kó dáhùn rẹ̀ kó tó lọ forúkọ sílẹ̀.