Ipa tí Tẹlifóònù Alágbèéká ń Kó nínú Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìfetísílẹ̀ Àwọn Ọ̀dọ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí olùkọ́ èdè Yorùbá lónìí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tíì fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí:

(1) Oko iyawo ti de.

Ta ni ó dé? Bí ó bá jẹ́ ọkọ ìyàwó ni, kí onílù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìyàwó ni, kí ẹbí jáde lọ pàdé rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó sọ ẹni tí yóò kà á di aláfọ̀ṣẹ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ibi tí irú àkọsílẹ̀ báyìí ti ṣẹ̀ wá, ohun tí ó ń ṣe sí ìbánisọ̀rọ̀ àti ìfetísílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, àti ohun tí àwa olùkọ́ lè ṣe sí i.

Ibi tí Àṣà Náà ti Ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe àwọn ọmọ. A kò fara mọ́ èrò yìí pátápátá. Nígbà tí tẹlifóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, owó ni a ń san lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju lẹ́tà àti àlàfo 160 lọ. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú lẹ́tà tí ètò náà mọ̀. Bí a bá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sí i, ẹ̀rọ yóò yí gbogbo iṣẹ́ náà sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, 160 yóò sì já sí 70. Kò tán síbẹ̀. Bí a bá tún fi àmì ohùn sórí ẹ tàbí ọ, lẹ́tà kan yẹn yóò gba ààyè méjì. Ẹni tí ó bá kọ Yorùbá bí ó ti tọ́ lè san owó méjì tàbí mẹ́ta níbi tí ẹlòmíràn ti san ẹyọ kan. Ìṣọ́wóná ni ó kọ́kọ́ pa àmì wa rẹ́.

Lónìí, ìdí yẹn kò sí mọ́. WhatsApp àti irú rẹ̀ kì í ka lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àtẹ ìtẹ̀wé tí ó ní lẹ́tà Yorùbá sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó. Àṣà nìkan ni ó kù. Àṣà tí ọmọ bá sì bá nílẹ̀, òfin ni ó ń pè é.

Ìbánisọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àpẹẹrẹ kan:

(2) Baba ni ki e mu igba wa.

Ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, igba náírà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ tí ó ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn lórí ìwé mọ́.

Ti ìkíni tún wà níbẹ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹ kú ìnáwó ni ó yẹ kí a kí ènìyàn, tàbí ẹ kú ewu ọmọ, tàbí ẹ kú ìdúró. Lórí fóònù, àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ti di ìkíni fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a jẹ̀bi ẹ̀rọ náà jù. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó gbà sórí fóònù, tohùn-tàmì.

Ìfetísílẹ̀

Ẹni tí ń gbọ́ àlọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o!", yóò dáhùn pé "Ààlọ̀!", yóò sì máa ṣọ́ ìgbà tí orin yóò bẹ̀rẹ̀ kí ó lè gbe ègbè. Bí ọkàn rẹ̀ bá rìn, ègbè yóò kọjá lórí rẹ̀. Òdì-kejì èyí ni fóònù ń kọ́ ọmọ, nítorí pé bí ó bá ti dún ni ọkàn rẹ̀ yóò fò lọ síbẹ̀. Ìròyìn UNESCO lórí ẹ̀kọ́ ní 2023 sọ pé ó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó 20 ìṣẹ́jú kí ọkàn rẹ̀ tó padà sórí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn irú ìdílọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ kíláàsì bá jẹ́ 40 ìṣẹ́jú, ìdílọ́wọ́ méjì ti tó láti jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí Olùkọ́ lè Ṣe

(i) Kí àpèkọ padà sí kíláàsì, kí a sì máa gba máàkì fún àmì ohùn.
(ii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn lórí fóònù pẹ̀lú àmì. Bí fóònù kò bá kárí, ẹyọ kan tó ọmọ márùn-ún.
(iii) Kí wọ́n fi fóònù gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ní kíláàsì, kí a pa fóònù, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tún àlọ́ náà pa láìwo ìwé.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò ní pẹ́ di ti inú gbọ̀ngàn ìdánwò nìkan bí àwọn ọ̀dọ́ kò bá rí i lò níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé lójoojúmọ́. Orí fóònù ni ibẹ̀. Bí a bá kọ́ wọn tí wọ́n sì gbà, ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ (1) bá bá nílé yóò mọ̀ bóyá ọkọ ni òun ń lọ pàdé ni, tàbí ọkọ̀.