Orin Wo Ni Etí Gbogbo Wa Lè Gbà?

Ayẹyẹ òpin ọdún ti ń sún mọ́lé, àwọn tó ń ṣètò orin sì ti ń kọ orúkọ olórin sílẹ̀. Kí wọ́n tó kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bí sípíkà bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọn á ki ìka bọ etí, wọn á sì rọra jáde. A máa ń sọ pé wọ́n ń ṣe yànga. Kì í ṣe yànga rárá.

Etí ló ń gba ohùn wọlé, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló ń pinnu èyí tó yẹ ká fiyè sí. Ẹni tó ń gbé ní Ọjà'ba kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ mọ́, torí ọpọlọ rẹ̀ ti bá a dín in kù. Àwọn kan wà tí ọpọlọ tiwọn kì í dín in kù. Gbogbo ohùn ló ń wọlé pẹ̀lú agbára kan náà: họ́ọ̀nù, jẹnẹrétọ̀, ìlù, àti ẹni tó ń fa àga nílẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní autism, ó sì máa ń bá àwọn tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń yọ lẹ́nu. Èyí tó bá le gan-an ni àwọn dókítà ń pè ní hyperacusis. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìwà burúkú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ká ṣáà yí fọ́lúùmù wálẹ̀, ó ti parí. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ohùn tó ju dẹ́síbẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí ti ọmọdé má sì ju 75. Kí etí má bàa bàjẹ́ ni wọ́n ṣe fi ìwọ̀n yẹn lélẹ̀. Orin lè wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n náà, kó sì tún máa gún ẹlòmíràn létí. Nítorí náà, ìbéèrè márùn-ún ni mo rò pé ó yẹ ká bi orin kọ̀ọ̀kan:

1. Ṣé ohùn rẹ̀ máa ń bú sókè lójijì?
2. Ṣé ó ní ohùn tín-ín-rín tó ń gún etí?
3. Nǹkan mélòó ló ń dún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?
4. Ṣé olùgbọ́ lè mọ ohun tó ń bọ̀?
5. Ṣé ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń mi èèyàn láyà?

Ẹ jẹ́ ká fi blues dán an wò, torí ọmọ kíláàsì wa kan tí etí rẹ̀ kì í gba ariwo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ló ni orin yìí. Ní 1920 ni Mamie Smith gba "Crazy Blues" sínú àwo. Ìdiwọ̀n 12 ni púpọ̀ nínú blues ń rìn lé lórí: olórin á sọ ọ̀rọ̀ kan, á tún un sọ, á wá fún un lésì. Tí ó bá ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, etí ti mọ ọ̀nà. Blues yege nínú ìbéèrè kẹrin nìyẹn.

Àmọ́ blues kì í ṣe ẹyọ kan. Mississippi John Hurt máa ń fi ìka ta gìtá ni, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Òun yege nínú márààrún. Muddy Waters ní tiẹ̀ kó lọ sí Chicago ní 1943, ó sì gba gìtá oníná kí wọ́n lè gbọ́ ọ láàárín ariwo ilé ọtí. Gìtá yẹn ń ké, háamóníkà sì ń ké lé e. Orin rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi nínú ìbéèrè kejì. Ali Farka Touré ará Mali wà láàárín: gìtá rẹ̀ tutù, ó ń yí po jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá gbé njarka, gòjé olókùn kan, ohùn tín-ín-rín náà dé nìyẹn.

Ẹ wá wo tiwa. Sákárà Yusuf Olatunji kì í kánjú, ohun èlò rẹ̀ ò sì pọ̀, ṣùgbọ́n gòjé wà níbẹ̀. Àpàlà Haruna Ishola kò ní gòjé. Agídìgbo ló ń dún lábẹ́ rẹ̀, ṣẹ́kẹ́rẹ́ àti agogo nìkan ló yẹ ká ṣọ́. Fújì ni iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, torí ìlù rẹ̀ pọ̀ gan-an. Kò sì yani lẹ́nu: inú wéré ni fújì ti jáde, wéré sì jẹ́ orin tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn fún sààrì nínú oṣù Ramadan. Orin tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi jí ẹni tó sùn, ṣé a wá fẹ́ kó rọ̀ ni?

Ìdí nìyí tí mi ò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ fújì kúrò. Ibi tí orin ti ń dún náà ṣe pàtàkì. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí ògiri rẹ̀ le, ohùn á máa lu ògiri, á máa padà wá, orin kan ṣoṣo á dà bíi mẹ́ta. Ní ìta gbangba, ohùn á fọ́n ká.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣètò kò pọ̀. Ẹ kọ ètò orin sára pátákó ṣáájú, kí oníkálukú mọ ìgbà tí ariwo ń bọ̀. Ẹ fi sákárà, àpàlà àti blues tó rọ̀ síbi oúnjẹ, kí fújì wà fún ìparí. Ẹ má kọ ojú sípíkà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó fẹ́ jáde má bàa gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ ṣí kíláàsì kan sílẹ̀ tí kò ní sí orin níbẹ̀, kí tíṣà kan sì wà níbẹ̀.

Owó kankan ò ní wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́fà la fi jọ kàwé pa pọ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí a ń jó gan-an ni àwọn kan nínú wa yóò dúró síta.