Ẹ Má Ṣí Ẹ̀yìn Tẹlifíṣàn Kálà Àtijọ́ Yẹn

Àwọn ọ̀dọ́ wa tún ti ń ra tẹlifíṣàn kálà àtijọ́, oníkùn ńlá nì, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, kí wọ́n lè fi ta géèmù ayé ọjọ́un. Kò burú. Ohun tó burú ni pé bó bá ti bàjẹ́ báyìí, súkúrúdíráfà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Iná tó ń wọlé wa níbí jẹ́ 120 fóltì. Ṣùgbọ́n nínú tẹlifíṣàn kálà, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní flyback tó ń gbé iná ga títí yóò fi tó 20,000 sí 30,000 fóltì, kí àwòrán tó lè hàn lójú gíláàsì. Gíláàsì ńlá yẹn sì ń tọ́jú iná pa mọ́ bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú omi. Ẹ lè ti yọ pilọ́ọ̀gì láti àná, kí iná inú rẹ̀ ṣì gbé èèyàn.

Àmọ́ ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe é láìṣí i. Bó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò fi àwòrán hàn, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ iwájú gíláàsì bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án. Bí irun apá bá dìde, iná ńlá yẹn wà, ibòmíì ni àìsàn náà wà. Bí irun kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ flyback ló kú, tàbí ohun tó ń gbé iná fún un. Bí àwòrán bá ń wú bíi búrẹ́dì inú ààrò nígbà tẹ́ ẹ bá fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, iná ńlá náà ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ṣíì-ṣíì tàbí ta-ta-ta lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú òórùn bíi ti ìgbà tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán, iná ń jò gba ara eruku àti ọ̀rinrin. Ẹ sáà mọ bí sọ́mà Georgia ṣe ń ṣe báásímẹ́ǹtì. Ẹ yọ pilọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀.

Èyí tá a bẹ̀rù jù ni èyí tó ń tàn fìrí tó tún ń kú. Nígbà míì, kì í ṣe pé ó kú o, ó ń gbà yín sílẹ̀ ni, torí iná náà ti fẹ́ kọjá àlà. Ní 1967, ilé iṣẹ́ General Electric kéde pé àwọn tẹlifíṣàn kálà ńlá kan tí wọ́n ṣe ń tú ìtànṣán X-ray jáde ju bó ṣe yẹ. Ní 1968, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin lórí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Bí fóltì bá ṣe ń ga sí i ni ìtànṣán náà ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi ní ohun tó ń pa á. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á já ohun yẹn kúrò kó lè máa ṣiṣẹ́, ẹ yáa gba tẹlifíṣàn yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ yìnyín funfun ló kàn ń rọ̀ lójú rẹ̀, kò ṣàìsàn. Láti 12 Oṣù Kẹfà 2009 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dá irú ìgbéjáde tó mọ̀ yẹn dúró.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ nù, ẹ má fọ́ gíláàsì rẹ̀. Òjé wà nínú rẹ̀, ó sì lè bú gbàmù. Ẹ bi Gwinnett County léèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á.