Ọkọ̀ Ogun Kékeré Lórí Tábìlì Ilé: Ohun Tí Òbí àti Ọmọ Lè Kọ́ Nínú Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ibeshe àti ní gbogbo agbègbè Ìkòròdú, òbí a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé ọ̀nà Èkó jìn, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò sì mọ ẹni tí ń kánjú. Nígbà tí ó bá fi máa padà dé, ọmọ ti sùn, tàbí kí ó tẹ orí ba sórí fóònù. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń jókòó pọ̀ pẹ́ títí, inú ilé Ọlọ́run sì ni, níbi tí olúkúlùkù ti ń tẹ́tí sí ìwàásù. Báyìí ni bàbá àti ọmọ ṣe lè gbé abẹ́ òrùlé kan fún ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n má sì mọ ara wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí ó lè mú òbí àti ọmọ jókòó ti tábìlì kan náà, òun ni a sì fẹ́ ṣàlàyé lónìí: ṣíṣe àwòṣe kékeré ti ọkọ̀ ojú omi ológun, ọkọ̀ òfurufú, odi ìlú àti ibùdó ogun. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Kí ni ọmọ Ọlọ́run ní í ṣe pẹ̀lú ohun ìjà? Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dáhùn rẹ̀.

KÍ NI IṢẸ́ YÌÍ GAN-AN?

Àwòṣe yàtọ̀ sí ohun ìṣeré lásán. Ẹni tí ó ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ohun gidi náà, kí ó sì dín gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ kù ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 1/72, ohun tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò di ínǹṣì 1 péré. Ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò ní ga ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Ọkọ̀ òfurufú Spitfire tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jagun, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 9, yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀.

Ní ọdún 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀ka ológun ojú omi wọn bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama pé kí wọ́n fi igi gbẹ́ àwòṣe ọkọ̀ òfurufú 500,000, ní ìwọ̀n 1/72. Kì í ṣe fún eré. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun fi dá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá, kí wọ́n má baà yìnbọn lu ará ilé. Lẹ́yìn ogun náà ni iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi ike ṣe ẹ̀yà àwòṣe sínú páálí fún títà wá gbilẹ̀. Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní 1939, gbé àwòṣe Spitfire rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní àwọn ọdún 1950. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé ní òkè òkun pé kí bàbá àti ọmọ jókòó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yà mọ́ ẹ̀yà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Iṣẹ́ ère kéékèèké kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Thomas Ona Odulate, agbẹ́gilére ọmọ Yorùbá tí ìtàn so ìran rẹ̀ mọ́ Ìkòròdú, ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ó gbẹ́ àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá, adájọ́ àti ọmọ ogun sí ère pẹ́ńpẹ́, ó sì fi ìnkì dúdú àti pupa kùn wọ́n. Ère rẹ̀ wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní òkè òkun títí di òní. Ṣùgbọ́n kò lo rúlà bí àwọn tí ń ṣe àwòṣe. Orí ère Yorùbá lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ara, nígbà tí orí ènìyàn gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Baba wa ka orí sí olú ara, wọ́n sì fún un ní àyè tí ó tọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fi ère Odulate àti àwòṣe 1/72 han ọmọ rẹ̀ ti fi ọ̀nà méjì hàn án tí ènìyàn lè gbà wo ayé, ọ̀kan pẹ̀lú rúlà, èkejì pẹ̀lú iyì.

KÍ NI ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN?

Àwọn ará kan yóò bẹ̀rù pé ère fífín nìyí. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin inú Ẹ́kísódù orí 20 ń kọ̀ ni kí á ṣe ère kí á sì máa forí balẹ̀ fún un. Nínú ìwé kan náà, ní orí 31, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà kún Bẹ́sálẹ́lì, láti gbẹ́ igi àti láti gé òkúta. Kò sí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún ọkọ̀ páálí.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ wà nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 4. Olúwa ní kí wòlíì náà mú bíríkì kan, kí ó ya àwòrán Jerúsálẹ́mù sí i lórí, kí ó sì fi ibùdó ogun, òkìtì àti ohun èlò tí a fi ń wó odi yí i ká. Kí ni èyí bí kò ṣe àwòṣe ogun? Wòlíì Ọlọ́run jókòó ti ìlú kékeré kan tí ọ̀tá ká mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe láti fi ogun ṣe ayọ̀. Ó ṣe é kí àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lè fi ojú rí ohun tí ń bọ̀, kí wọ́n lè ronú pìwà dà. Àwòṣe ogun inú Bíbélì jẹ́ ìkìlọ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a dúró: bí àwòṣe bá kọ́ ọmọ ní ohun tí ogun ń ná ènìyàn, ó dára, bí ó bá kọ́ ọ láti máa yọ̀ nítorí ikú ẹlòmíràn, kí á kó o kúrò lórí tábìlì.

ÌTÀN ILÉ WA NÍNÚ ÀWÒṢE

Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni a ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò láàyè ara rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì di 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣí ètò ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kọjá láàárín àkókò náà láìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé kò kọ́ wọn, òbí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wọn.

Ní ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Ọ̀nà òwò láti òkè dé Èkó ni ó wà lẹ́yìn ìjà náà. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Glover tí ó jẹ́ olórí ìjọba Èkó rán ọmọ ogun sọdá ọ̀sà, wọ́n sì fi ohun ìjà oníná tú ibùdó àwọn Ẹ̀gbá ká. Odi ìlú, yàrà àti ibùdó náà ṣeé fi amọ̀ àti igi ìṣáná ṣe lórí pákó kan. Ọmọ Ibeshe tí ó bá ṣe é yóò mọ̀ pé ọ̀sà tí òun ń wò lójoojúmọ́ ti gbé ogun rí.

Àlùfáà Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn irú ogun wọ̀nyí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ni ó tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n Johnson kò kọ ìtàn nìkan. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n ń rìn láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀, títí a fi fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹni tí ó bá ṣe àwòṣe ogun Kírìjì, tí kò fi àlùfáà méjì yìí sí àárín, kò ì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà wa ṣì rántí ogun Bọ́má. Isaac Fadoyebo láti Èmúrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ wọ iṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16. Ní 1944, ọta ìbọn bà á létí odò Kaladan. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi sá pamọ́ nínú igbó, ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé sì ni ó ń bọ́ ọ, tí ó pa á mọ́ títí a fi rí i. Bí ọmọ bá gbẹ́ ọkọ̀ kékeré sórí odò náà, kí òbí sọ fún un pé oúnjẹ àwọn tálákà ni ó gba ọmọ ogun yìí là.

Ogun abẹ́lé wa ti 1967 sí 1970 ni ó le jù láti sọ. Ọ̀pọ̀ òbí kì í mẹ́nu bà á. Ní ilé ìkóhun-ogun-sí tí a ṣí ní Umuahia ní 1985, ọkọ̀ ogun tí a fi irin ilé ṣe, ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wò. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu a máa tú. Ọmọ lè béèrè pé, "Bàbá, ta ni ó wà nínú ọkọ̀ yìí nígbà tí ó jóná?" Ìbéèrè náà ni ìdí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kí bàbá má ṣe sá fún un.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Olúwa wa kọ́ wa nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14 pé ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Páálí àwòṣe tí ó ti òkè òkun wá wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Ohun tí ó wà nílé tó: páálí bisikíìtì, agolo mílíìkì, ọparun, igi ìṣáná, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, sáńpépà, rúlà àti ọ̀dà díẹ̀.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n 1/24 rọrùn jù, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà 1 di ìdajì ínǹṣì. Ẹ mú ọmọ lọ sí etí ọ̀sà, kí ẹ wọn ọkọ̀ apẹja kan pẹ̀lú ìyọ̀ǹda olówó rẹ̀. Bí ó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, àwòṣe rẹ̀ yóò gùn ní ínǹṣì 10, ẹni tí yóò tukọ̀ yóò sì ga ní ínǹṣì 3. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ìṣirò yóò rí i pé òun ti ṣe é láìmọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè gbìyànjú ọkọ̀ ogun NNS Aradu, tí a kàn ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi wa ní 1982. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 125. Ní ìwọ̀n 1/350, yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36.

Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo ẹ̀yà sórí páálí. Ẹ gé wọn, ẹ fi sáńpépà fá etí wọn, kí ẹ sì tò wọ́n pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, láti mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Ìgbà náà ni kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ kí ẹ tó kùn ún. Ẹni tí ó bá kánjú níbí yóò tú iṣẹ́ rẹ̀ ká, ọmọ yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí sùúrù ń ṣe.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÒBÍ

Àgbà ni kí ó máa lo abẹ fún ọmọ tí kò tíì dàgbà tó. Ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ bá ń kun ọ̀dà tàbí tí ẹ ń lo gọ́ọ̀mù tí ó ní òórùn líle, ẹ má sì ṣe fi wọ́n sí ìtòsí iná. Ẹ tọ́jú gọ́ọ̀mù náà pamọ́, nítorí pé a mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń fa òórùn rẹ̀ símú títí yóò fi ba ayé wọn jẹ́.

Ìkìlọ̀ kejì kan ọkàn. Kí òbí má ṣe gba iṣẹ́ náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́ nítorí pé ó fẹ́ kí ó rẹwà. Àwòṣe tí ó wọ́, tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, sàn ju èyí tí ó gún régé tí bàbá nìkan ṣe lọ. Ìyá náà ní àyè nídìí tábìlì yìí, ọmọbìnrin sì ní àyè bí ọmọkùnrin.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún ni orílẹ̀-èdè wa ń rántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, nítorí pé ọjọ́ náà ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ìjọ a máa ṣe ìsìn ìrántí nígbà náà. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ kó àwòṣe wọn wá sí gbọ̀ngàn ìjọ, kí olúkúlùkù sọ ogun tí ó ṣe, iye ọdún tí ó gbà, àti ẹni tí ó wá àlàáfíà níbẹ̀? Wòlíì Àìsáyà rí ọjọ́ tí a ó fi irin idà rọ ohun èlò oko. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ṣe, àti ọkàn tí ó kórìíra ìtàjẹ̀sílẹ̀. Kí ó sì fún àwa òbí ní àyè láti jókòó tì wọ́n. Àmín.