Títọpasẹ̀ Àṣìṣe Nínú Ìwọ̀n Fólítéèjì Lórí Ọ̀sílósíkóòpù Díjítà

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí ó ń mú kí fólítéèjì tí ọ̀sílósíkóòpù díjítà ń kà yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ohun tí a ń wọ̀n, àti ọ̀nà tí a lè gbà tọpasẹ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dé orísun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ẹ̀rọ sọ fún pé 30 V ni ó wà lára wáyà, nígbà tí ó jẹ́ pé 300 V ni, lè fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ohun tí ó mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ yìí kò ju pé ní ọjọ́ kan a so ẹ̀rọ mọ́ orísun iná 5 V, ṣùgbọ́n 0.5 V ni ó hàn lójú rẹ̀. Gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ ni a gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, a sì ti ń wá àpótí tí a ó fi dá a padà. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá.

Èrò wa ni pé ohun tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀sílósíkóòpù ni ó sábà máa ń sọ. Bí ìyá alágàárì bá ti ìdí kóńgò wọ inú, kóńgò mẹ́wàá tí ó kà fún wa pé mẹ́wàá. Kò ṣì í kà. Kóńgò fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a yí padà wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a yẹ ọ̀nà tí fólítéèjì gbà wò kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

2. Próòbù

Nínú próòbù 10X, ìdènà 9 MΩ wà ní títò tẹ̀lé 1 MΩ tí ó wà ní ẹnu ẹ̀rọ. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítéèjì ni ó ń wọlé. Ẹ̀rọ yóò fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀ padà, bí a bá ti sọ fún un pé próòbù 10X ni a lò. Bí a kò bá sọ fún un, 5 V yóò di 0.5 V, èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Bí ó bá sì jẹ́ pé bọ́tìnì ara próòbù wà ní 1X nígbà tí ẹ̀rọ wà ní 10X, 5 V yóò di 50 V. Nígbàkígbà tí àṣìṣe bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá géérégé, ibí ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ohun kejì ni àtúntò próòbù. Ẹ̀rọ ní ojú kan níwájú rẹ̀ tí ó ń pèsè àmì onígun, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ 1 kHz. Bí a bá so próòbù mọ́ ọn, tí igun àmì náà sì rí róbótó tàbí tí ó yọ ṣóńṣó, a ó yí ìdè kékeré tí ó wà lára próòbù títí orí àmì yóò fi tẹ́jú. Ẹni tí ó ń wọn iná DC lásán lè má mọ̀ pé àbùkù yìí wà, ṣùgbọ́n yóò ba ìwọ̀n àmì tí ń yára jẹ́.

3. Ẹrù tí ẹ̀rọ ń di lé ohun tí a ń wọ̀n

Wíwọ̀n pàápàá máa ń yí ohun tí a ń wọ̀n padà. Ẹ jẹ́ kí a mú orísun 10 V tí ìdènà 1 MΩ wà níwájú rẹ̀. Bí a bá fi próòbù 1X wọ̀n ọ́n, 1 MΩ ti ẹ̀rọ yóò bá a pín in sí méjì, a ó sì ka 5 V. Próòbù 10X, tí àpapọ̀ ìdènà tirẹ̀ jẹ́ 10 MΩ, yóò ka nǹkan bíi 9.09 V. Láti mọ̀ bóyá èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀, kí a fi próòbù kejì kan ojú kan náà: bí iye tí ti àkọ́kọ́ ń kà bá wálẹ̀, ẹrù ni.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń pèsè àmì ni ó gbà pé ìdènà 50 Ω ni a ó so mọ́ òun. Bí a bá ní kí ó pèsè 1 V, tí a sì so ó mọ́ ẹnu 1 MΩ, 2 V ni a ó rí. Ìlọ́po méjì géérégé ni àmì èyí.

4. Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀

Bí a bá fi ojú-ọ̀nà sí ipò AC, iná DC kò ní wọlé; 5 V bátìrì yóò hàn bí òfo.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ẹ̀yà tí ó ń sọ fólítéèjì di nọ́ńbà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bíìtì 8 ni ó ní, èyí tí ó túmọ̀ sí àtẹ̀gùn 256. Bí ojú ẹ̀rọ bá ní ìlà àlà 8, tí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 5 V, 40 V ni gbogbo rẹ̀, àtẹ̀gùn kan yóò sì tó 0.156 V. Àmì 0.2 V kò ju àtẹ̀gùn kan lọ dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àlà kan sí 50 mV, àtẹ̀gùn kan kò ju 1.56 mV lọ. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí àmì gba ojú ẹ̀rọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí orí rẹ̀ má gé.

Bákan náà, bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé àṣìṣe rẹ̀ lè tó 3% iye kíkún, 1.2 V ni èyí nínú 40 V. Ẹ̀rọ tí ó ka 5 V ní 4.2 V nípò yẹn kò tí ì ṣẹ̀ sí ìlérí rẹ̀.

Àmì tí ń yára tún ní tirẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ 100 MHz wo àmì 100 MHz tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1 V, nǹkan bíi 0.7 V ni yóò kà. Kí ẹ̀rọ yára ju àmì lọ ní ìlọ́po márùn-ún ni ó dára. Ní ìparí, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ móoru fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a yọ gbogbo próòbù, kí a sì jẹ́ kí ó tún ara rẹ̀ ṣe.

5. Ìyàtọ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe

Mítà yóò ka iná ilé ní 230 V. Lórí ọ̀sílósíkóòpù, góńgó rẹ̀ yóò tó 325 V, láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò sì tó 650 V. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀nà ìwọ̀n ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi próòbù lásán dán èyí wò. Ẹnu ìgbámú dúdú ti próòbù so mọ́ wáyà ilẹ̀ ti ẹ̀rọ. Bí a bá fi gbá wáyà tí iná wà lára rẹ̀ mú, ìbúgbàù lè tẹ̀lé e. Gígé wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe àtúnṣe, nítorí ara ẹ̀rọ gan-an ni yóò di eléwu. Próòbù tí a ṣe fún ìyàtọ̀ láàárín ojú méjì ni ó tọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: ìlọ́po mẹ́wàá ń tọ́ka sí próòbù, ìlọ́po méjì sí 50 Ω, òfo sí ipò AC, èyí tí ó ń pọ̀ sí i bí àmì ti ń yára sí àtúntò próòbù tàbí agbára ẹ̀rọ. Kí a tó wá àmì wọ̀nyí, kí a kọ́kọ́ wọn ohun tí a mọ iye rẹ̀, bíi bátìrì tí mítà ti kà. Bí ẹ̀rọ bá ka ìyẹn dáadáa, ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí a wò ó kí a tó wá àpótí.