Ẹ̀ẹ̀rùn Lórí Ọ̀sà: Ohun Tí Ọmọ Ìgànná Lè Kọ́ Lọ́dọ̀ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Ní Ganvié

Nígbà tí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà bá mú, tí ilẹ̀ pupa Ìgànná gbẹ, tí omi kànga sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn ọ̀dọ́ àgbègbè Ìpóbẹ́ àti Sakẹ́tẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Kútọnu ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn ń fà sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ní ọ̀rẹ́ lórí omi: ẹni tí wọ́n jọ kàwé ní Àjàṣẹ́, tàbí ọmọ ìyá ẹlẹ́ja tí ìyá tiwọn ti ń bá ná ọjà láti ọdún pípẹ́. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ a máa gba ìpè lọ sí Ganvié, àwọn òbí a sì máa ṣe iyèméjì. Àwọn òbí wọ̀nyí ni a ní lọ́kàn lónìí, àwa àti àwọn ọmọ wọn.

Orí ọ̀sà Nokoué ni Ganvié wà, ní abẹ́ kọ́múùnù Sô-Ava. Ọ̀sà náà fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 150. Òpó igi tí a rì mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni ilé dúró lé, ọkọ̀ ojú omi sì ni ẹsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ọkọ̀ ni ọmọ ń wọ̀ lọ sílé ìwé, inú ọkọ̀ ni àwọn obìnrin ti ń pàtẹ ọjà. Ẹni tí ó bá ti Ìgànná lọ yóò gba Ìpóbẹ́ àti Sakẹ́tẹ́ kọjá dé Àjàṣẹ́, yóò tẹ̀ síwájú dé Kútọnu, kí ó tó yà sí èbúté Abomey-Calavi, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Ní ọdún 1996, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo aráyé.

Kì í ṣe nítorí afẹ́ ni àwọn Tọ̀fìn ṣe lọ kọ́ ilé sórí omi. Ìtàn tí àwọn àgbà wọn ń sọ ni pé àwọn baba ńlá wọn ń sá fún àwọn jagunjagun Dàhòmì tí ń kó ènìyàn lẹ́rú, àti pé èèwọ̀ ni fún àwọn jagunjagun náà láti bá ènìyàn jà lórí omi. Orúkọ ìlú náà pàápàá ń sọ̀rọ̀ ìgbàlà àti àlàáfíà. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ogun Dàhòmì kan náà ni ó fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Àbàtà ni àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa, fi ṣe odi. Àwọn Tọ̀fìn fi ọ̀sà ṣe tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Nàgó bá jókòó ti ọmọ Tọ̀fìn nínú ọkọ̀ kan, ọmọ àwọn tí ìyà kan náà jẹ ni wọ́n. Ìkíni wọn pàápàá jọra: ẹni tí ó bá gbọ́ «kwabọ» ní ẹnu ọ̀nà wọn kò ní wá ògbufọ̀ kí ó tó mọ̀ pé «ẹ kú àbọ̀» ni.

Báwo wá ni ooru ṣe rí níbẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé omi ti lé ooru lọ. Oòrùn a máa mú láti òkè, a sì tún máa tàn padà láti ojú omi. Nígbà tí koríko bo gbogbo òrùlé, inú ilé máa ń tutù. Páànù tí ó ti gba ipò koríko lórí ọ̀pọ̀ ilé a máa pọ̀n bí agbada. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí oòrùn bá dé àtàrí, àwọn ọkùnrin a jókòó sí ibòji, wọn a máa tún àwọ̀n ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọ̀nà òkun bọ̀, ni eré àti ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí yóò ya ọmọ Ìgànná lẹ́nu jù ni pé, láàárín omi tí kò lópin, omi mímu ṣọ̀wọ́n. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò Wẹ̀mẹ̀ àti ti odò Sô a máa dínkù, omi òkun a sì gba ojú ọ̀nà tí àwọn Faransé là ní Kútọnu ní ọdún 1885 wọ inú ọ̀sà, gbogbo rẹ̀ a di oníyọ̀. Ìdọ̀tí ilé pẹ̀lú ń bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn obìnrin a máa tukọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, wọn a to ọkọ̀ sẹ́yìn ara wọn, wọn a sì sanwó kí wọ́n tó pọn. Ọmọ tí ó ti mọ ìnira kànga jíjìn nílé yóò rí i pé ìyà omi kò mọ òkè, kò mọ odò.

Yóò tún rí àkájà. Ẹ̀ka igi ni wọ́n ń gún mọ́ ẹrẹ̀, títí yóò fi dà bí igbó kékeré nínú omi. Ẹja a wá ibẹ̀ sá sí, a rí oúnjẹ jẹ lára igi tí ń rà, a sì ń bí sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a kó ẹ̀ka kúrò, wọn a sì kó ẹja. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ẹ̀ka náà ti ń wá, igbó sì ń tán. Èyí tí ó bá sì rà nínú omi a máa di ẹrẹ̀, ọ̀sà a sì máa kún díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ń gé igi lókè àti ẹni tí ń dẹ ẹja nísàlẹ̀ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òun kò kan èkejì. Bí àwọn ọmọ méjì bá jọ rí èyí nígbà ọ̀dọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jọ wá ojútùú rẹ̀ nígbà àgbà.

Àwọn àgbà ní, àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ jẹ́ kí òbí kìlọ̀ fún ọmọ kí ó tó kúrò nílé. Ọmọ ọdún márùn-ún lè máa tukọ̀ ní Ganvié. Ọmọ ogún ọdún láti Ìgànná lè má mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá. Kí ó má ṣe tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún olùgbàlejò rẹ̀, kí ó má sì dá nìkan wọ ọkọ̀. Kí ó bèèrè omi tí wọ́n ń mu, kí ó má ṣe bu ti ọ̀sà. Kí ó má ṣe máa ya fọ́tò àwọn ènìyàn láìgbàṣẹ, nítorí ó ti sú àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ìran. Kí ó má sì lọ lọ́wọ́ òfo: epo pupa àti gàrí láti òkè ni ẹ̀bùn tí ìyá ilé yóò fi ayọ̀ gbà, ẹja gbígbẹ àti edé ni yóò sì dì fún un nígbà tí ó bá ń padà.

Ó ku ohun kan. Ọ̀rẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń rìn lọ bẹ̀ wò kì í tọ́jọ́. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà, nígbà tí odò bá kún, tí ọkàn àwọn ará ọ̀sà kò balẹ̀, ó yẹ kí ilẹ̀kùn Ìgànná ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń fún epo, kí wọ́n wá mọ bí ilẹ̀ pupa ti ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ogun ni ó lé àwọn baba wa sá, ọ̀kan sínú igbó, ọ̀kan sórí omi. Kò sí ogun tí ó ń lé àwọn ọmọ mọ́. Kí wọ́n máa bẹ ara wọn wò.